Fọ́tò Pak Camat Lójú Síléètì Oníná

Ẹ jẹ́ kí n tètè bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ọkùnrin yìí, kí ilẹ̀ má baà ṣú wa sídìí rẹ̀. Doktorandus Haji Suryadarma Kusumadilaga, M.Si., M.M. Gbogbo rẹ̀ lorúkọ, àti oyè ilé ìwé tó wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá sì fo ọ̀kan nínú rẹ̀ ti wá ìjà. Nígbà kan, ẹbí kan ní abúlé Kalisinom fi ìwé pè é síbi ìgbéyàwó ọmọ wọn, wọ́n gbàgbé M.M. ìparí yẹn. Ó dá ìwé náà padà, ó ní òun ò mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Kí wọ́n tó tún un kọ kí ó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, tọkọtaya náà ti ń ronú orúkọ tí wọn yóò sọ ọmọ.

Òun ni Camat wa ní Wanasigar, olórí tí Bupati, ọ̀gá àgbà ìpínlẹ̀ wa, yàn lé abúlé mẹ́rìnlá lórí. Pak Camat là ń pè é, torí Bàbá ni Pak lọ́dọ̀ wa, bí Bu ṣe jẹ́ Ìyá. Èmi ò mọ ohun tí Bupati rí lára rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń tò sí gbàgede nínú oòrùn, tí òun á máa bá wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́ agboòrùn. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun dákú lórí ìlà. Pak Camat dá ọ̀rọ̀ dúró, ó wò ó, ó ní inú òun dùn pé ọ̀rọ̀ òun wọ ẹnì kan lára. Ó wá ń bá a lọ fún wákàtí kan sí i.

Ẹni tó ń di agboòrùn yẹn mú ni akọ̀wé rẹ̀, Pak Marsudi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu Marsudi: "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Pak." Bí ọ̀gá bá ní ooru mú, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Bí ọ̀gá bá ní òtútù mú láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, Marsudi á ti máa wá ẹ̀wù òtútù kiri. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórúkọ lọ́dọ̀ wa, kí-Bàbá-ṣáà-ti-dunnú là ń pè é, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń jẹun nídìí rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni Marsudi fi ṣe é, débi pé kò rántí mọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa wúlò fún yín níwájú.

Ní igun gbàgede yẹn kan náà ni ilé ìkàwé ìlú wà. Òrùlé rẹ̀ ń jò, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò pàdé dáadáa, ṣùgbọ́n ìwé tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbàajì. Bu Ruminah ló ń tọ́jú wọn láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìwé tó bá já, okùn ìpẹja ló fi ń rán an. Kò sí ẹni tí kì í wá síbẹ̀. Pak Tukijo tó ń sin pẹ́pẹ́yẹ kò lè ṣe kó má wá yá ìwé àrùn pẹ́pẹ́yẹ ní gbogbo ìgbà òjò, ó sì máa ń dá a padà pẹ̀lú ìyẹ́ láàárín ojú ewé. Bu Ruminah á gbọn ìyẹ́ náà kúrò, á bú u díẹ̀, á tún yá a fún un lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìlara ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Pak Camat lọ sí ìpàdé ní Semarang, wọ́n sì yin Camat mìíràn níwájú rẹ̀ nítorí pé ọkùnrin yẹn ra ẹ̀rọ ìkàwé fún àwọn èèyàn rẹ̀, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan báyìí tó lè gba ẹgbẹ̀rún ìwé sínú. Pak Camat ò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́, ọ̀ọ́dúnrún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dé sí Wanasigar nínú páálí. Síléètì oníná ni àwa ń pè é. Kí n má purọ́, ohun tó dára ni, lọ́wọ́ ẹni tó bá ní iná tí yóò fi sí i, tí kò sì ní Pak Camat lórí.

Torí kò fi mọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó dúró lábẹ́ agboòrùn, ó gbé síléètì kan sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà lójú rẹ̀ pé:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, bébà ti kú! Èmi, Doktorandus Haji Suryadarma Kusumadilaga, M.Si., M.M., ni mo kéde ikú rẹ̀. Ẹni tí ń ṣí ìwé bébà ń ṣí ibojì. Láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, òkùnkùn á parí ní Wanasigar, ìmọ́lẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀, orúkọ ẹni tó mú un wá ò sì ní parẹ́ láyé!"

Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ wọn fi pọ́n. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé Pak Camat ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan síléètì náà. Bébà ni Marsudi lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, bébà yẹn ló ń kà.

Ó pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo bébà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kúrò ní ọ́fíìsì. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n kó ìwé ilé ìkàwé sínú lọ́rì kan, kí lọ́rì náà sì gbéra ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrìndínlógún sí ilé iṣẹ́ tó ń fi bébà ṣe kíréètì ẹyin. Ilé ìkàwé fúnra rẹ̀ á di Gbọ̀ngàn Ìmọ́lẹ̀, níbi tí wọn yóò gbé àwòrán òun kọ́ sí.

Bu Ruminah wọ aṣọ tó dára jù lọ, ó lọ bẹ̀ ẹ́. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Ó ní òun ò bá síléètì jà, kí ó dé, kí òun gbà á tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ìwé náà wà. Ó ní iná ò fi bẹ́ẹ̀ sí lórí òkè. Ó ní ìwé mìíràn wà nínú wọn tí kò sí nínú síléètì kankan.

Pak Camat bi í pé, "Bu Ruminah, báwo ni ìwé yín ṣe wúwo tó lórí ìwọ̀n?"

"Mi ò gbé wọn sórí ìwọ̀n rí, Pak. Mo ń kà wọ́n ni."

"Ẹ ò rí i? Ẹ̀yin ò mọ iṣẹ́ yín. Ilé iṣẹ́ kíréètì mọ̀ ọ́n, wọ́n ti wọ̀n ọ́n." Ó yí sí akọ̀wé rẹ̀. "Iná ń lọ ní àgbègbè mi bí, Marsudi?"

Marsudi ń fi àbẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́ nítorí pé kò síná nínú ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ó wá rí i pé ìdáhùn yẹn ò bá ohun tí ọ̀gá fẹ́ mu, ó ní ohun tí òun ń sọ ni pé iná ń lọ síwájú.

Ó wá ku ojú ìwé àkọ́kọ́, ohun tí èèyàn á kọ́kọ́ rí bó bá tan síléètì. Oníṣòwò tó kó wọn wá láti Semarang béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ síbẹ̀. Ṣé ó tún ń béèrè ni? Pak Camat mú fọ́tò tó dára jù lọ wá, èyí tó ti dé fìlà dúdú, tó wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ń wo ọ̀run. Lábẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun tán pátápátá. Lábẹ́ orúkọ, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n bí òun ní Klaten. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, ọjọ́ ìmọ́lẹ̀. Nítorí pé àwọn ará abúlé máa ń péjọ ka súrà Yáásìn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ní kí Yáásìn ṣáájú gbogbo ìwé yòókù, kí wọ́n lè rí òun kí wọ́n tó rí ohunkóhun.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa ti gbá orí mú báyìí. Bí èèyàn bá kú lọ́dọ̀ wa, ẹbí rẹ̀ á tẹ ìwé Yáásìn kékeré, wọ́n á pín in fún àwọn tó wá ṣe àdúà fìdáù. Ohun tó máa ń wà lójú ìwé àkọ́kọ́ ni fọ́tò olóògbé, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bí i, àti ọjọ́ tó kú. Kò sí ilé kan ní Wanasigar tí kò ní irú rẹ̀ mẹ́wàá. Kò sí ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò ní mọ̀ ọ́n.

Gbogbo ọ́fíìsì ló rí i. Wọ́n pè wọ́n wá wò ó, wọ́n tò, wọ́n wò ó, wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan ní fìlà náà dúró dáadáa. Ẹnì kan ní ojú ọ̀gá mọ́lẹ̀. Obìnrin tó dákú níjọ́sí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Pak Camat sì rò pé ayọ̀ ni.

Bu Ruminah nìkan ló gbìyànjú. Ó ní, "Pak, ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò, ọjọ́ méjì, àti Yáásìn..."

Pak Camat ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní ìlara ló ń dà á láàmú, ó fẹ́ràn fọ́tò àwọn òkú tó wà nínú ìwé rẹ̀ ju ti ẹni tó wà láàyè lọ. Ó fi àṣẹ ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ kejì pé kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun mọ́ nípa fọ́tò náà fún ẹnikẹ́ni. Bu Ruminah kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sínú àpò rẹ̀.

Wọ́n pín síléètì ní ọjọ́ kẹsàn-án. Bí ayẹyẹ ti parí, Pak Camat ní ọpọlọ òun ti ṣiṣẹ́ jù, ó wọ mọ́tò pẹ̀lú ìyàwó àti awakọ̀ rẹ̀, ó forí lé ibi omi gbígbóná kan lórí òkè láti sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó pa fóònù rẹ̀, ó sì ní kí àwọn méjì yòókù pa tiwọn. Marsudi nìkan ló mọ ibi tó lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn ará Kalisinom jókòó sórí ẹní, wọ́n tan síléètì. Ojú Pak Camat yọ. Wọ́n ka orúkọ, wọ́n ka ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ka ọjọ́ kejì, wọ́n rí Yáásìn nísàlẹ̀.

Tukijo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí náà? Mo ṣáà rí i lórí pèpéle láàárọ̀."

Ìyá àgbàlagbà kan ní ikú kì í kan ilẹ̀kùn, kí wọ́n ṣáà bá òun wo bí olówó ṣe ń ṣe nǹkan, àwọn mìíràn ń tẹ bébà, ẹbí tirẹ̀ tẹ iná. Wọ́n ní inna lillahi, wọ́n ka Yáásìn fún un látọkànwá, wọ́n sì se ìrẹsì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ fi máa mọ́, abúlé mẹ́rìnlá ti gbọ́. Wọ́n pe fóònù rẹ̀, kò wọlé. Wọ́n lọ sí ilé rẹ̀, ó wà ní títì pa. Ẹnì kan ní ó dájú pé Klaten ni wọ́n gbé e lọ sin, gbogbo wọn sì gbà pé ìyẹn bọ́gbọ́n mu.

Bupati gbọ́, ó pe Marsudi. Ó ní, "Pak Marsudi, ó mà ṣe o. Ṣé lóòótọ́ ni Pak Camat ti fi wá sílẹ̀?"

Ẹ̀yin ẹ ro ọ̀rọ̀ Marsudi wò. Bupati fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Bupati ti sọ ohun tó sọ. Ṣé òun ni yóò wá sọ fún Bupati pé kò rí bẹ́ẹ̀?

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Pak."

"Ìwọ ni wàá máa bá wa di ipò náà mú. Mo ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ lónìí."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Pak."

Bu Ruminah lọ bá a ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó sé ilẹ̀kùn, ó bi í lójúkojú bóyá Pak Camat kú lóòótọ́. Òógùn ń bọ́ lójú Marsudi. Ó ní Bupati ló sọ bẹ́ẹ̀. Bu Ruminah wò ó títí, ó rántí àṣẹ tó wà nínú àpò rẹ̀, ó sì lọ jókòó sílé ìkàwé. Àárín pẹpẹ tó ti ṣófo ló jókòó sí. Wọ́n ti kó ìwé rẹ̀ sínú lọ́rì látàárọ̀, wọ́n ta tapólì bò ó, lọ́rì náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede, ó ń retí ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ẹkún tí Bu Ruminah sun níbẹ̀, ti ìwé ni. Kò sí èyí tó jẹ́ ti Pak Camat níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹẹ̀dógún ni wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ keje ní gbàgede. Ọjọ́ Àìkú ló bọ́ sí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èrò ya. Ó ju ìlàjì síléètì lọ tí kò tàn mọ́, torí iná ò wá sórí òkè láti Ọjọ́bọ̀, nítorí náà Kiai Mukhlas, lẹ́mọ̀ọ́mù àgbà wa, fa ìwé Yáásìn bàbá rẹ̀ yọ, wọ́n sì fi ìyẹn ṣe é.

Àkókò yẹn ni mọ́tò Pak Camat wọ ìlú. Pátákó òdòdó ló kọ́kọ́ rí, wọ́n tò ó láti ẹnu bodè dé ọ́fíìsì. Pátákó òdòdó ni wọ́n fi ń kí èèyàn kú oríire lọ́dọ̀ wa, òun náà ni wọ́n fi ń kẹ́dùn. Pak Camat ò wo ohun tí wọ́n kọ sókè, orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń kà, orúkọ náà sì pé, M.M. wà níbẹ̀. Ó ní kí awakọ̀ rọra wà á. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé wọ́n ti wá mọyì ìmọ́lẹ̀. Awakọ̀ rí ohun tí wọ́n kọ, ṣùgbọ́n òun náà ń jẹun ní Wanasigar, ó rọra ń wà á lọ.

Wọ́n dúró lẹ́yìn èrò. Pak Camat sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀, ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu Kiai, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Kiai béèrè ohun tí a máa ń béèrè nípa olóògbé, pé ṣé ẹni rere ni. Ó yẹ kí gbogbo èèyàn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ẹni rere ni. Àwọn kan dáhùn. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Kiai yára kọjá sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ní bí olóògbé bá jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kó sọ ọ́ báyìí, kí wọ́n san án, nítorí pé òkú tó jẹ gbèsè kì í sinmi.

Tukijo dìde. "Kiai, mi ò mọ̀ bóyá èyí kà. Ìwé àrùn pẹ́pẹ́yẹ wa wà nínú lọ́rì yẹn. Òjò ti dé, ọrùn mẹ́jọ nínú pẹ́pẹ́yẹ mi ti wọ́. Òun ló gbà á lọ́wọ́ mi."

Kiai ronú, ó ní ó kà. Ni àwọn yòókù bá ń dìde. Ìyá kan ní ó jẹ ọmọ òun ní ìwé ìṣirò, ìdánwò ọmọ náà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Aránṣọ kan ní ó jẹ òun ní ìwé bátánì. Arúgbó kan tí ojú ń dùn ní ó jẹ òun ní ìtàn tí Bu Ruminah ń kà sí òun létí, ó kù díẹ̀ kí àwọn dé ìparí rẹ̀. Bu Ruminah kàn dìde dúró láàárín wọn, gbogbo èèyàn sì mọ iye tí olóògbé jẹ ẹ́.

Kiai bi ẹni tó dúró fún olóògbé. Marsudi ni gbogbo ojú yí sí. "Pak Marsudi, ṣé kí wọ́n dá ìwé náà padà, kí òkú lè sinmi?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Kiai."

Wọn ò dúró gbọ́ àmín. Wọ́n ṣí tapólì, wọ́n to ìlà láti ẹ̀yìn lọ́rì dé ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé, ìwé ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Pak Camat sáré jáde nínú mọ́tò, fìlà rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló pàṣẹ èyí? Ta ló kú?"

Ìlà náà dúró. Kiai Mukhlas bọ́ awò rẹ̀, ó tún un wọ̀. "Ẹ̀yin ni, Pak."

Pak Camat wò yí ká, ó rí síléètì kan tó ṣì tàn lórí ẹní, ó rí ojú ara rẹ̀, ọjọ́ méjì, àti Yáásìn. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó ka nǹkan lóòótọ́. Ó yí sí ẹni kan ṣoṣo tó gbẹ́kẹ̀ lé láyé.

"Marsudi! Sọ fún wọn. Ṣé mo ti kú ni?"

Lẹ́tà Bupati wà nínú àpò Marsudi, ọ̀gá sì ti béèrè ọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kànlélógún dìde lọ́fun rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Pak."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ ní Kalisinom. Pak Camat pariwo pé kí wọ́n kó ìwé padà sínú lọ́rì. Kiai ní kò le, kó yan ọ̀kan. Bó bá kú, wọ́n ti san gbèsè rẹ̀. Bó bá wà láàyè, alààyè a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ san gbèsè, ìlà ṣì ní àyè. Kò yan ìkankan, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ó pe Bupati. Bupati, tí gbogbo ìpínlẹ̀ ti ń fi rẹ́rìn-ín, ní lẹ́tà ti jáde pé ikú ló mú un kúrò lórí oyè, òun ò lè fa lẹ́tà ìjọba ya nítorí ohùn lórí fóònù. Ó ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí wá pé òun wà láàyè, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì máa ń mú wá, kí ó wà lórí bébà, kí òǹtẹ̀ sì wà nídìí rẹ̀. Pak Camat sáré dé ọ́fíìsì. Kò sí ewé bébà kan níbẹ̀. Marsudi, tó ti jókòó sórí àga náà, tẹ́tí sí i dáadáa, ó sì fohùn sí gbogbo ohun tó sọ.

Lọ́jọ́ kẹta ni Pak Camat wọ ilé ìkàwé. Ó dúró níwájú tábìlì Bu Ruminah, ó ní wọ́n sọ fún òun pé ìwé kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí ìjọba. Bu Ruminah mọ ibi tó wà láìwòkè. Ó fà á yọ, ó fi abala bébà funfun méjì sí i láàárín, ó sì mú káàdì ìyáwé wá. Ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ sí níbẹ̀ ò gùn ju ìka kan lọ.

Ó ní kí Bu Ruminah kọ orúkọ òun tán pátápátá. Bu Ruminah kọ Suryadarma, ó dúró. Ó ní àyè ti tán.

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni, Pak," ó wí. "Ẹ ò gbọdọ̀ ká igun rẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ fi itọ́ ṣí i. Àwọn mìíràn ń dúró dè é. Ẹ máa dá a padà o."

Ọkùnrin náà wo káàdì, ó wo ìwé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Bu."